Ìléru: Nígbà tí Àwọn Bàbá Wa Ń Yọ́ Irin

Bí a bá dárúkọ ìwakùsà, Jos àti Enugu ló kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Àwa ọmọ Èkìtì lè fi Ìjerò kún un, nítorí kò jìnnà: ẹ gba Ìyìn àti Ìgèdè lọ sí Aramọkọ, kí ẹ tó yà sí ọ̀hún. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó gbé ìwé àṣẹ ìwakùsà dé rárá ni àwọn Yorùbá ti ń wa òkúta irin, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ fúnra wọn. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ ni wọ́n ń pè ní ìléru. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ka ìtàn Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì bá a nínú èdè ni.

Ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ tó kún jù lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1904. C. V. Bellamy, ọ̀gá àgbà iṣẹ́ òde ìjọba ní Èkó, ló kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ irin ní ìlú Ọba. Abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ ló lọ, tó pe orúkọ rẹ̀ ní Ola-Igbi. Iṣẹ́ irin ni gbogbo abúlé náà ń jẹ.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Wọ́n á wa òkúta náà láti inú ilẹ̀, wọ́n á yan án lórí iná kí ó lè rọrùn láti fọ́, wọ́n á gún un nínú odó. Àwọn obìnrin á gbé e lọ sódò, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí iyẹ̀pẹ̀ á fi lọ tí èyí tó wúwo á kù. Àwọn kan ń sun igi di èédú. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ìléru, abẹ́ òrùlé ni wọ́n sì mọ ọ́n sí. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn kò fẹ́ ẹwìrì sí i. Ihò amọ̀ tí wọ́n dá sí ìsàlẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bí iná bá ti ń ràn. Ìdàrọ́, èyí tí ojú ń wò bí ìdọ̀tí irin lásán, wọn kì í dà á nù tán: wọ́n ń dá lára rẹ̀ padà sínú iná nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ òmíràn, kí òkúta lè yọ́ dáadáa. F. W. Harbord, onímọ̀ irin, yẹ àwọn nǹkan tí Bellamy kó wá wò, ó sì fi ọwọ́ pàtàkì mú wọn.

Ta ni olórí irú iṣẹ́ báyìí? Lójú tèmi, ẹni tó mọ ìgbà tí iná pé ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin odò kò bá fọ̀ ọ́ mọ́, tí èédú kò sì tó, ìmọ̀ rẹ̀ kò lè yọ́ irin kankan.

Kí ló wá pa á? Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (1921 ló tó jáde), ti rí i nígbà ayé rẹ̀ pé irin òyìnbó tó dínwó ń mú kí wọ́n máa ti ìléru pa káàkiri. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ó tiẹ̀ fẹ́ pani lẹ́rìn-ín pé ọ̀gá iṣẹ́ òde ìjọba ló wá ṣe àkọsílẹ̀ ìléru fún wa.

Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ. Alágbẹ̀dẹ kò kú ní tirẹ̀. Ó rọ ọ̀pá irin òyìnbó, ó rọ irin ọkọ̀ tó bàjẹ́, ó ń rọ ọkọ́ àti àdá títí di òní, wọ́n sì ń bọ Ògún ní Ìrè-Èkìtì. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ ni ẹni tó ń yọ́ irin, pẹ̀lú àwọn tó ń wà á, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ àti àwọn tó ń sun èédú. Nígbà tí ẹni kan kò ra irin wọn mọ́, gbogbo wọn tú ká lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ìwakùsà 1946 wá sọ gbogbo àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ Nàìjíríà di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba àpapọ̀ ló jogún rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ni òfin ìpìlẹ̀ 1999 sì fi í sí.

Lónìí, kò sí ìléru ní Ìjerò. Púpọ̀ nínú òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀, títí kan èyí tí lithium wà nínú rẹ̀, ló ń bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ láìtíì di nǹkan kan. Òfin ìwakùsà 2007 fún àwọn awakùsà kéékèèké láyè láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ kí ìjọba lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nìkan ni ẹgbẹ́ náà sábà máa ń kó jọ. Ní Ola-Igbi, obìnrin tó ń fọ òkúta lódò mọ ẹni tí yóò yọ́ ọ, ó sì mọ ilé rẹ̀.