Ìtàn Ìtọ́jú Sọ́fúwíà Open Source

Sọ́fúwíà open source ni èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè kà, lò, tún ṣe, kí ó sì pín fún ẹlòmíràn. Richard Stallman kéde GNU, iṣẹ́ sọ́fúwíà irú bẹ́ẹ̀, ní 1983. Linus Torvalds gbé Linux jáde ní 1991. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kóòdù bá jáde ni iṣẹ́ ìtọ́jú máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa tún àṣìṣe ṣe, kí ó máa yẹ iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ wò, kí ó sì máa dáhùn ìbéèrè, láìgba owó lọ́pọ̀ ìgbà.

Oṣù Kẹrin 2014 ni ewu tó wà níbẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Wọ́n rí àléébù kan, Heartbleed, nínú OpenSSL, sọ́fúwíà tó ń dáàbò bo àṣírí àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, nǹkan bí 2,000 dọ́là péré ni ìtọrẹ tó ń wọlé fún un lọ́dún. Àjọ Linux Foundation àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá dá owó jọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóṣù náà gan-an. Àmọ́ owó nìkan kò tó. Ní Oṣù Kẹta 2024, Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kóòdù, tú àṣírí ọ̀tẹ̀ kan nínú xz, sọ́fúwíà open source tó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù. Olùtọ́jú kan ṣoṣo ló ń dá ẹrù rẹ̀ gbé. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó fún àjèjì tó ti ń ràn án lọ́wọ́ láti 2021 láṣẹ, àjèjì náà sì fi kóòdù ibi pamọ́ sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kan Áfíríkà pẹ̀lú. Ní Èkó, Yábà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù ti máa ń pàdé, pàápàá ní CcHub, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ tí Bọ́sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe dá sílẹ̀ ní 2010. Ní 2018, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá ẹgbẹ́ Open Source Community Africa sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà má baà jẹ́ aṣàmúlò nìkan, kí wọ́n di olùtọ́jú pẹ̀lú. Wọ́n ṣe àjọ̀dún wọn àkọ́kọ́ ní Èkó ní Oṣù Kejì 2020.

Iṣẹ́ tó sún mọ́ Yorùbá jù ni YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi owó ìtọrẹ bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tí kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ìtọ́jú tirẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì: kóòdù ń fẹ́ àtúnṣe, orúkọ tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ sì ń fẹ́ olótùú tí yóò yẹ ìtumọ̀ àti àmì ohùn wò.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí yóò pẹ́ nílò ju ẹnìkan lọ tó ní àṣẹ lórí rẹ̀, àlàyé tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún arọ́pò, àti owó fún àwọn tó ń ṣe é.