CSS, R, àti Àtẹ 17 tó dójú tì mí

1/ Ẹ wá gbọ́ o. Nígbà tí mò ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá, àtẹ 23 ló wà nínú Chapter Four mi. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Ìlá, mò ń da èsì kọ láti inú software sínú Word, mò ń fa ìlà, mò ń kun àwọ̀ sórí àtẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Odidi ọjọ́ méjì.

2/ Ìgbà tí mo parí ni mo rí i pé mo ti ka fọ́ọ̀mù mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo iye yí padà. Mo tún un ṣe mọ́jú, àmọ́ mo gbàgbé Àtẹ 17. Ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ kan ṣí lọ́jọ́ ìdáàbòbò: "Èèyàn mélòó lo bi ní ìbéèrè gan-an?" Ẹnu mi wọ gbòò.

3/ Àìfarabalẹ̀ mi wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ wàhálà yìí dàgbà jù mí lọ. Àwọn kan ti ń bá a jà kí wọ́n tó bí mi.

4/ Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀, tó o bá fẹ́ kí àkọlé pupa, o máa kọ "pupa" sára àkọlé kọ̀ọ̀kan. Àkọlé 100, ìgbà 100. Ní October 10, 1994, Håkon Wium Lie, ọmọ Norway tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, dábàá pé ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ká ya ìmúra rẹ̀ sọ́tọ̀. Bert Bos, ọmọ Netherlands, dara pọ̀ mọ́ ọn. December 17, 1996 ni W3C fọwọ́ sí CSS àkọ́kọ́.

5/ Ẹ fojú ẹgbẹ́jọdá wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń yan aṣọ. Gbogbo ẹgbẹ́ á wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá pa àwọ̀ dà lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa pààrọ̀ ara rẹ̀. Fáìlì CSS ni aṣọ. Iye tó wà nínú àtẹ ni ara.

6/ Àwọn tó ń ṣe software ìṣirò náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. SAS bẹ̀rẹ̀ ní North Carolina State University, ó di ilé-iṣẹ́ lọ́dún 1976. Fún ọdún gbọọrọ, èsì rẹ̀ rí bí ìwé tí wọ́n fi táípúráítà tẹ̀. Ẹ̀dà keje ló mú ODS dé, tó ya èsì kúrò lára ìrísí rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi CSSSTYLE kún un: sọ orúkọ fáìlì CSS rẹ, SAS á fi wọ ìjábọ̀ láṣọ.

7/ SAS gbówó lórí sha. Ní Auckland, New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman ṣe R, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni. R 1.0.0 jáde ní February 29, 2000. Lọ́dún 2012, Yihui Xie gbé knitr jáde: àlàyé rẹ àti iṣẹ́ ìṣirò rẹ wà nínú fáìlì kan náà. Tí dátà bá yí padà, o kàn tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àtẹ á yí padà pọ̀. Àtẹ 17 ò ní ráyè fara pa mọ́.

8/ Ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi R Markdown hàn mí. Mo ti kọ CSS tẹ́lẹ̀ fún ẹnì kan tó ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo da fáìlì yẹn sínú fóldà, mo kọ ìlà kan sókè ìjábọ̀ mi, lábẹ́ html_document:
css: ara.css
Àkọlé, àtẹ, àwọ̀, gbogbo ẹ̀ múra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pariwo!

9/ Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Tí àṣẹ inú CSS rẹ bá so mọ́ orúkọ tó o fún nǹkan lórí wẹ́ẹ̀bù yẹn, bíi .kaadi, kò ní mú ohunkóhun nínú ìjábọ̀. Kọ ọ́ fún h1, table, th, td. Ní ti SAS, orúkọ tiẹ̀ ni kó o lò, bíi .header àti .data. Èkejì: tó o bá ní kí R Markdown ṣe PDF tààrà, LaTeX ló ń gbà, kò ní wo CSS rẹ. Ṣe HTML, kó o wá fi bráwúsà tẹ̀ ẹ́ sí PDF.

10/ CSS ò lè sọ iye tó ṣì di òótọ́ o. Fọ́ọ̀mù mẹ́rin tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo kà á. Àmọ́ tí mi ò bá fi ọjọ́ méjì kun àwọ̀, mo máa ní ọjọ́ méjì láti ka fọ́ọ̀mù dáadáa.

Tó o bá ní ọ̀rẹ́ tó wà ní Chapter Four lọ́wọ́ báyìí, jọ̀ọ́, fi èyí ránṣẹ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.