Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Bí àgbà bá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tó ń wí ni pé ẹnu lè bo nǹkan mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú á tú u síta. Létí ọmọ tó ń gbọ́, àfiwé nìyẹn. Fún ọmọ adití, bó ṣe rí gan-an ni. Ọwọ́ ń sọ ọ́, ojú ń gbọ́ ọ; bí olùsọ̀rọ̀ bá kàn fa ojú ro, ìtumọ̀ lè yí padà.

Nítorí náà ni mi ò ṣe gba ti àwọn tó ń sọ fún ọmọ adití pé kó má gbé ojú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó ń gbọ́ lè pa kámẹ́rà kó sì máa sọ̀rọ̀ lọ. Adití tó bá pa tirẹ̀ ti panu dé nìyẹn. Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún 14 kan tó ń pe ẹnìkan ní fídíò lórí WhatsApp: yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, báàjì hàn láyà, fèrèsé ṣí lẹ́yìn ẹ̀, pátákó ilé epo òdìkejì sì hàn ketekete. Ẹni tó ń wò ó kò tíì bi í léèrè nǹkan kan, ó ti mọ ilé-ìwé, ó ti mọ àdúgbò. Kó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, kó fẹ̀yìn ti ògiri lásán. Ìyẹn wúlò fún un ju kó má sọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù wà nínú ilé. Ọmọ tó ń gbọ́ máa ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́: ìyá ń ráhùn pé àwọn gbájúẹ̀ gba nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báǹkì lẹ́nu òun, rédíò ń kìlọ̀, ọmọ ń jẹun lọ, ó sì ti kọ́gbọ́n. Adití rí i pé ìyá káwọ́ lérí. Kò mọ ìdí.

Èdè ilé-ìwé ni adití gbọ́, kì í ṣe ti ilé. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ara èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà sì ni púpọ̀ nínú èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ nílé-ìwé wa ti yọ. Ọmọ á gbọ́ ọ dáadáa, á délé, kò ní sí ẹni tó gbọ́. Nínàka sí ọbẹ̀ àti bàtà ló kù. Bí àlejò kan tó mọ èdè náà bá wá yọ lórí fóònù, ṣé kò ní tú inú rẹ̀ fún un ni?

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 2009, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò Amẹ́ríkà pe iléeṣẹ́ Billion Coupons ní Hawaii lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn náà ni pé jìbìtì ló ń lù, àwọn adití gan-an ló sì dojú kọ, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan. Ẹni tó bá ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ bíi tiwa, a kì í tètè fura sí i.

Irú àlejò bẹ́ẹ̀ tún lè gba àwòrán. Bí ẹnìkan bá ń fi àwòrán ìhòòhò dẹ́rù ba ọmọ pé kó sanwó, kí ó má sanwó, kí ó má pa ohun tí onítọ̀hún kọ rẹ́, kí ó fi han àgbà. Èwo lágbà náà? Ọ̀pọ̀ bàbá, ọmọ aládùúgbò ni wọ́n máa ń pè kó wá túmọ̀. Ta ni yóò sì gba ọwọ́ ọmọ aládùúgbò sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwòrán ìhòòhò òun wà lọ́wọ́ ẹnìkan?