Ìmọ̀ àti Ìfura: Àtúnyẹ̀wò Ìṣubú Ọ̀ṣóògùn ní Ọdún 1821

Nínú èdè Yorùbá, mọ̀ àti fura jọ ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń hàn sí ọkàn ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó mọ̀ ti ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó fura ti rí àmì, ó sì ti gbà pé ọ̀ràn náà lè kan òun kí ó tó dé. Ìfura ni àwọn àgbà pè ní oògùn àgbà. Wọn kò pe ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ya notice sọ́tọ̀ kúrò lára realise, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbé ìṣọ́ra inú fura nínú méjèèjì.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ìtàn ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, níbi tí Òtu, Ìsẹ́yìn àti Ọ̀ṣóògùn wà. Ní ọdún 1837, Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣóògùn, kọ lẹ́tà sí William Jowett ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS lórí bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú. Ó ní wọ́n ń se oúnjẹ òwúrọ̀ láìsí ìbẹ̀rù kankan nígbà tí ìròyìn ogun dé ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀tá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìlú ká. Lẹ́yìn ìjà wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n wọlé.

Ó rọrùn láti parí èrò sí pé àwọn ará Ọ̀ṣóògùn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan náà sọ pé irú àjálù yìí ti bá ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ṣáájú. Wọ́n mọ̀ pé ogun ń jà. Ohun tí lẹ́tà náà fi hàn pé ó ṣaláìsí ni ìfura. Wọn kò múra tó, àwọn ọkùnrin kan kò sí nílé, ẹnubodè tí wọn yóò sì ṣọ́ tó mẹ́fà, yàtọ̀ sí ibi tí ọgbà igi ìlú ti gbẹgẹ́.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ọmọdé ni Àjàyí ní 1821. Ẹni tí ó sì ń ròyìn lẹ́yìn ọdún 16 ti mọ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, èyí tí ẹni tí ń dáná lówùúrọ̀ ọjọ́ náà kò lè mọ̀. Ní ìṣirò rẹ̀, nǹkan bí 3,000 jagunjagun ni ìlú lè kó jọ, àwọn ọ̀tá sì tó 20,000. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, nítorí arọ lè tètè gbéra. Ìlú tí ó ní ènìyàn bí 12,000, pẹ̀lú arúgbó, ọmọ ọwọ́ àti oko, kò lè gbéra bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí òpìtàn tó sọ pé wọn kò fura, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìfura ì bá ti ṣe fún wọn.