Kíkọ́ Àwọn Ẹnjiníà Ṣíìpù Láyé Tí Kọ̀ǹpútà Ń Jẹ Iná

Ṣíìpù ni sílíkọ́nì pẹlẹbẹ tí wọ́n to ọ̀pọ̀lọpọ̀ transistor, ìyẹn ohun tín-ín-tín tó ń tan iná tó sì ń pa á, sí lára, nígbà mìíràn bílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀. Òun ló ń ṣírò nínú fóònù, nínú mọ́tò àti nínú àwọn ilé ràgàjì tí Google àti Facebook ń kó kọ̀ǹpútà wọn sí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe é ti yí padà, nítorí pé iná tí ṣíìpù ń jẹ ti di ìṣòro tó ga ju bó ṣe ń yára tó lọ.

Àjọ IEA, tó ń tọpinpin ọ̀rọ̀ iná àti epo lágbàáyé, ṣírò pé irú ilé kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ jẹ nǹkan bíi terawatt-wákàtí 415 ní ọdún 2024, ìyẹn ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná tí aráyé lò. Wọ́n fojú bù ú pé yóò tó 945 ní 2030. Ní Ireland, ó ti kọjá àfojúbù: ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí mítà kà ní 2023 ló wọ ilé kọ̀ǹpútà, ó ju ti gbogbo ilé ìgbé tó wà nígboro lọ.

Tẹ́lẹ̀, iná kì í kó ìdààmú bá olùkọ́. Ní 1974, Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM fi hàn pé bí transistor bá ṣe ń kéré sí i ni iná tó ń jẹ yóò máa dín kù, tí ooru ṣíìpù kò sì ní lé. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó mọ bí a ti ń sọ transistor di kékeré ti mọṣẹ́. Ìgbà tó wá kéré jù, iná bẹ̀rẹ̀ sí í jò gba inú rẹ̀ kódà bí wọ́n bá pa á. Ní 2004, Intel pa ṣíìpù Tejas tì. Ooru wà lára ohun tó fà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Olukotun ti ń gba ọ̀nà mìíràn ní Yunifásítì Stanford kó tó di ìgbà náà. Nínú iṣẹ́ Hydra tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe, ọpọlọ kéékèèké mélòó kan ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ṣíìpù kan, dípò ẹyọ kan tó ń sáré àsápajúdé. Sun Microsystems ra ilé iṣẹ́ rẹ̀, Afara Websystems, ní 2002. Ṣíìpù tó jáde níbẹ̀ ní 2005 ní ọpọlọ mẹ́jọ, kò sì jẹ tó watt 80.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ṣíìpù kò ṣeé fẹnu lásán kọ́. Ní apá ìparí 1978, Lynn Conway kúrò ní Xerox fúngbà díẹ̀ lọ kọ́ni ní MIT. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya ṣíìpù tiwọn. Wọ́n kó àwòrán gbogbo wọn pọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Hewlett-Packard, kò sì pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ parí tí wọ́n fi rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbà. Lọ́dún kejì, yunifásítì 12 ló kópa, orí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì, ni àwòrán sì gbà dé. Owó ṣíṣe ṣíìpù ju agbára yunifásítì kan lọ, ni wọ́n bá ṣe bí ará àdúgbò tó dáwó ra màlúù kan pín. Ètò MOSIS sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́ láti 1981.

Irú àjọṣe yìí ni ètò Tiny Tapeout, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, gbé dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà, nítorí pé Google àti SkyWater ti fi ìlànà tí a fi ń ya ṣíìpù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2020. Kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bó ṣe yẹ: nígbà tí Efabless tó ń bá wọn gbé iṣẹ́ lọ síbi ìṣe kógbá sílé ní 2025, àfi kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Nínú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ pé bí a bá dín fótéèjì kù sí ìdajì, iná tí transistor ń jẹ lẹ́nu iṣẹ́ yóò wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń pa apá tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àti bí a ti ń gbé ibi ìpamọ́ sún mọ́ ibi ìṣírò, torí pé gbígbé dátà láti ọ̀nà jíjìn ń jẹ iná ju ìṣírò gan-an lọ.

Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ sọ ìtàn ṣíìpù ARM fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1985, ṣíìpù ARM àkọ́kọ́ tí Sophie Wilson àti Steve Furber ṣe ní ilé iṣẹ́ Acorn, ní Cambridge, dé ọwọ́ wọn. Furber fẹ́ wọn iná tó ń jẹ, mítà ka òdo, bẹ́ẹ̀ ṣíìpù ń ṣiṣẹ́. Wáyà iná rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbi tó yẹ: iná díẹ̀ tó ń jò wọlé láti ojú ọ̀nà dátà ló ń lò. Àrọ́mọdọ́mọ ṣíìpù yẹn ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù lónìí. Furber di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manchester ní 1990, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ẹnjiníà mìíràn níbẹ̀.