Etíkun Àgbádárìgì: Àwọn Tí Ó Lọ àti Àwọn Tí Ó Padà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní Àgbádárìgì, ní ìpínlẹ̀ Èkó, òwe yìí wúwo ju bí ó ti rí níbòmíràn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé etíkun níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina, létí ọ̀sà, yóò sọdá sí erékùṣù Gberefu. Lẹ́yìn náà ni yóò rin inú iyanrìn lọ títí yóò fi máa gbọ́ ariwo òkun. Bí ó bá mú ajá rẹ̀ dání, ajá náà yóò sáré ṣíwájú, yóò bá ìgbì ṣeré, yóò sì padà wá nígbà tí olówó rẹ̀ bá pè é. Bí ọjọ́ bá rọ̀, àwọn méjèèjì yóò jọ wọkọ̀ padà sílé.

Olówó ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó ni ajá. Olówó náà ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ni ẹrú. Lórí iyanrìn Gberefu yìí ni wọ́n ti kó àwọn ẹrú kọjá, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún títí dé àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ajá lónìí ń sáré láìsí okùn lọ́rùn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn rìn pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú sọ pé wọ́n ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Nígbà tí wọ́n bá dé etí òkun, ọkọ̀ kéékèèké a kó wọn lọ sínú ọkọ̀ ńlá, ó di Brazil tàbí àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Ibi Àìpadàbọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sọ ìtàn tán. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Láti nǹkan bí 1839, díẹ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, Àgbádárìgì sì ni ọ̀pọ̀ wọn gbà lọ sí Abẹ́òkúta.

Ọ̀kan nínú àwọn Sàró wọ̀nyí ni Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ìjọ CMS, pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Lọ́dún náà ni wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìjọ náà, tí ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, Àjàyí fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Iṣẹ́ ńlá tí ó ṣe lórí èdè Yorùbá àti Bíbélì rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Séríkì Williams Abass náà padà. Ìtàn sọ pé wọ́n tà á lẹ́rú ní kékeré, ó sì dé Brazil. Nígbà tí ó padà sí Àgbádárìgì, òun fúnra rẹ̀ di oníṣòwò ẹrú. Ilé rẹ̀ oníyàrá 40, níbi tí wọ́n ń há àwọn ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó dé, ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Ó kú ní 1919.

Ẹni méjì jẹ ìyà kan náà, àwọn méjèèjì sì rí ilé padà. Ọ̀kan kọ́ ènìyàn ní ìwé. Èkejì ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ ilé-ìwé lọ sí etíkun yìí, kí ó fi ilé méjèèjì hàn wọ́n kí wọ́n tó wọkọ̀, nítorí pé ìyà nìkan kì í kọ́ ènìyàn ní àánú.