Kámẹ́rà Ojú Ọ̀run àti Oko Kòkó Agbègbè Ìgbàrà-Òkè

Ọdún 1972 tí Amẹ́ríkà yin sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ lọ sí òfúrufú láti máa ya àwòrán ilẹ̀ ayé náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ RECTAS sílẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ àbójútó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí ó lè máa kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí a ṣe ń fi àwòrán tí a yà láti òkè wọn ilẹ̀. Àwọn tó mọ àwòrán náà kà ti wà nílẹ̀ fún ọdún 31 kí Nàìjíríà tó ní kámẹ́rà tirẹ̀ lójú ọ̀run.

NigeriaSat-1 ni sátẹ́láìtì tó gbé kámẹ́rà náà, tí ilé-iṣẹ́ Surrey Satellite Technology kọ́ ní Guildford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì yìn láti Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, 2003. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ló gbà: ti àwọ̀ ewé, ti pupa, àti infrared, ìyẹn ìtànṣán tó tẹ̀lé pupa tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí William Herschel ṣàwárí ní 1800. Ewé tútù a máa fa ìmọ́lẹ̀ pupa mu, a sì máa ta infrared padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi àwọ̀ pupa dúró fún infrared nínú àwòrán, igbó dúdú a di pupa fòò.

Ibi tí iṣẹ́ kíka àwòrán yìí ti le ni agbègbè bí Ìgbàrà-Òkè, lójú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́, títí dé Ìdànrè àti Oǹdó. Kòkó fẹ́ràn ibòòji, àgbẹ̀ a sì máa dá igi ńlá sí lóko, tó fi jẹ́ pé bí ewé kòkó bá ti pàdé lókè, oko àti igbó a pọ́n bákan náà. Ilẹ̀ mítà 32 níbùú àti lóròó ni àmì kan (pixel) nínú àwòrán NigeriaSat-1 dúró fún, nítorí náà oko hẹ́kítà kan kò ju nǹkan bí àmì mẹ́wàá lọ. Ìkùukùu tún wà níbẹ̀: kámẹ́rà yìí kò lè rí ohun tó wà lábẹ́ ìkùukùu, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbà òjò, tí ewé tutù jù lọ, gan-an ni ojú kámẹ́rà náà fọ́.

NigeriaSat-2, tó gòkè ní oṣù Kẹjọ 2011, dín àmì náà kù sí mítà 2.5 nínú àwòrán dúdú-òun-funfun. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ Nàìjíríà ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ NigeriaSat-X, èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ gòkè. Kíka àwòrán ti di ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Ifẹ̀ àti ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n Guildford ni wọ́n ti kọ́ sátẹ́láìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan NigeriaSat-X.